Ojú Ọmọ Mi Nínú Ìwé Ọ̀mọ̀wé

"Màmá, ẹ ti borí. Ẹ má wá jó lé wa lórí o. Bí a bá tún gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu yín, tàbí tí a bá rí orúkọ ẹ̀gbọ́n mi nínú ohunkóhun tí ẹ bá kọ, kóòtù ni a ó ti pàdé."

Àbúrò Ọ̀mọ̀wé ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lórí fóònù. Inú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, ni mo wà, mo ń gé aṣọ ilé ìwé, téèpù wà lọ́rùn mi, àlùmọ́gàjí wà lọ́wọ́ mi. Mo jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tán. Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà." Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo gé aṣọ náà parí, nítorí ẹni tó ni aṣọ kò ṣẹ̀ mí. Nígbà tí mo ṣe tán, mo ra bébà lọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta ìwé ní ìsọ̀ kejì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí.

N kò ní dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé ni n ó máa pè é. N kò ní dárúkọ ọmọ mi, tàbí ilé ìwé rẹ̀, tàbí ìwé tí gbogbo ìjà yìí dá lé lórí. Kì í ṣe pé ẹ̀rù kóòtù ń bà mí. Ibi tó yẹ kí orúkọ Ọ̀mọ̀wé wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó ti wà níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ẹ ó rí i bí mo bá dé ibẹ̀.

Ọmọbìnrin mi kì í làágùn. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Awọ ara rẹ̀ kò ní ihò tí òógùn ń gbà jáde, nítorí náà bí oòrùn bá mú, tàbí tó bá sáré, ooru inú ara rẹ̀ kò rí ibi gbà lọ. Yóò kàn máa pọ̀ sí i nínú rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá dé ìkòkò lórí iná. Irun orí rẹ̀ fúyẹ́, ó dà bí irun orí àgbàdo tútù. Eyín rẹ̀ kò pé, àwọn tó wà sì mú ṣóńṣó. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, àlejò á kọ́kọ́ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, lẹ́yìn náà ni yóò wá yín in. Mo mọ gbogbo oríṣi ọ̀nà tí èèyàn ń gbà gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ibà ni wọ́n ń pè é. A tọ́jú ibà, a tún tọ́jú ibà, ibà tí kò sí lára rẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ ni ara rẹ̀ máa ń yá jù. Bí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn bá wá le kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, n kì í sùn dáadáa, èmi àti tẹmómítà la jọ máa ń wo ara wa. Bí kò bá sí iná, mo máa ń fi aṣọ tútù bò ó, n ó sì máa fẹ́ ẹ. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, mo rán síńgílẹ́ẹ̀tì onítẹ̀ẹ́lẹ̀ méjì fún un, aṣọ òwú gidi, kí ó lè máa rẹ ẹ́ sínú omi kí ó sì wọ̀ ọ́ sábẹ́ aṣọ ilé ìwé. Mo ti dán oríṣiríṣi òwú wò. Mo mọ èyí tó ń di omi mú títí di àkókò oúnjẹ ọ̀sán, mo sì mọ èyí tó máa ń gbẹ kí wọ́n tó pe orúkọ tán nínú kíláàsì.

Ọ̀mọ̀wé ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ ohun tó ń ṣe ọmọ mi. Òótọ́ ni, n kò sì ní fi bò. Ọmọ Oǹdó ni, ó ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di dókítà nípa bí ara èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń wá sí ọsibítù tí mo ń gbé ọmọ lọ ní Àkúrẹ́. Lọ́jọ́ náà, ó mú ọwọ́ ọmọ mi, ó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ fèrèsé, ó fi ìka kan ra á pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Ó ní, "Màmá, ọmọ yín kò ní ibà. Ara rẹ̀ ni kò mọ bí ó ṣe lè mú ara rẹ̀ tutù." Mo sunkún níbẹ̀. Bí ó bá ní kí n máa bọ̀ ní Sókótó lọ́jọ́ náà, ǹ bá tẹ̀ lé e. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Bí àjèjì bá ṣe é, yóò dùn mí mọ níwọ̀n.

Ó ní òun fẹ́ wádìí bí ooru ṣe ń ṣe nínú ara rẹ̀, pé ìwádìí náà yóò ran àwọn ọmọ mìíràn lọ́wọ́. Mo gbà. Ó ní ká wá sí ọ́fíìsì òun.

Kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan wà ní ọ́fíìsì náà. Àwọn ìwé tí wọ́n di pọ̀, tí èèpo wọn pọ́n bí ilẹ̀ Àkúrẹ́, ló kún inú rẹ̀. Ó rí i pé mo ń wò wọ́n, inú rẹ̀ dùn. Ó ní jọ́nàlì ni wọ́n ń jẹ́, pé inú wọn ni àwọn onímọ̀ nípa ara ń kọ ohun tí wọ́n bá rí sí, kí àwọn onímọ̀ yòókù kárí ayé lè kà á. Ó ní eléyìí ti ń jáde ṣáájú kí wọ́n tó bí bàbá bàbá òun, kò sì tíì dáwọ́ dúró. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fi àwọn ti àtijọ́ sílẹ̀ fún un. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ lára ṣòkòtò kí ó tó ṣí ọ̀kan, òórùn káfúrà jáde níbẹ̀. Ó fi àwòrán kan hàn wá, tí wọ́n fi gègé yà.

"Kí lèyí, sà?" ọmọ mi bi í.

"Ọkàn ọ̀pọ̀lọ́."

"Ọ̀pọ̀lọ́ ní ọkàn?"

"Ó ní in dáadáa. Ẹ wò ó, Màmá. Ẹni tó ya á ti kú tipẹ́. Ọ̀pọ̀lọ́ náà ti kú. Àwọn tó kọ́kọ́ kà á náà ti kú. Ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ ṣì wà níbí, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè wò ó. Ohun tó bá ti wọ inú jọ́nàlì yìí kò ní jáde mọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ bá mi tọ́jú gbólóhùn yẹn.

Wọ́n gbé ọmọ mi gun kẹ̀kẹ́ ológeere kan tí wọ́n dè mọ́lẹ̀, wọ́n lẹ àwọn wáyà tín-ínrín mọ́ ọn láyà àti lẹ́yìn, ó ń wa kẹ̀kẹ́, wọ́n ń ka bí ooru rẹ̀ ṣe ń lọ sókè. Mo dúró tì í pẹ̀lú omi mi. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, Ọ̀mọ̀wé gbé kámẹ́rà. Ó ya ìka ọwọ́ rẹ̀, ó ya eyín rẹ̀ láti ìtòsí, lẹ́yìn náà ó sún sẹ́yìn, ó ní kí ó kọjú sí òun.

Mo ní, "Dókítà, ṣé ojú rẹ̀ máa hàn nínú ìwé yẹn?"

Ó ní, "Rárá o, Màmá. Ìka àti eyín nìkan la máa lò. Ti ojú yìí, fún fáìlì tiwa ni."

Nọ́ọ̀sì náà gbọ́. Ọmọ mi bi í pé, "Ṣé kí n rẹ́rìn-ín, sà?" Ó ní, "Rín in dáadáa, kí n rí gbogbo eyín." Ọmọ tí kì í la ẹnu níwájú kámẹ́rà, tó jẹ́ pé gbogbo fọ́tò ọjọ́ ìbí rẹ̀ ló ti pa ètè dé, ó la ẹnu fún un. Ó rín ẹ̀rín tó kún ojú rẹ̀. Mo ṣì ń rí ẹ̀rín náà bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ó pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ó ti wọ sẹ́kọ́ńdírì, ní ilé ìwé kan tí kò jìnnà sí Ìjàpọ̀. Ó dé láti ilé ìwé lọ́jọ́ kan, kò bá mi sọ̀rọ̀. Mo bu oúnjẹ fún un, ó gbé e lọ sí yàrá. Mo rò pé àgbà ló ń dé sí i. Lọ́jọ́ kejì, mo rí i pé ike omi tó gbé lọ kún bí mo ṣe bu ú. Síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gbẹ táútáú.

"O ò mu omi ni?"

"Òǹgbẹ ò gbẹ mí, Mọ́mì."

"Ìwọ? Òǹgbẹ ò gbẹ ìwọ?"

Ó gbé báàgì rẹ̀ wọ yàrá. Ní ọ̀sẹ̀ náà ni wọ́n pè mí láti ilé ìwé pé ó ṣubú lórí ìlà. Ọ̀kadà ni mo gùn láti Ọjà Ọba, n kò rántí ẹni tó gbé mi. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, wọ́n ti tẹ́ ẹ sábẹ́ igi, ẹnì kan ń fi ìwé fẹ́ ẹ, awọ rẹ̀ gbóná bí irin tí mo fi ń lọ aṣọ. Mo da omi lé e lórí níwájú gbogbo wọn. Ó la ojú, ohun tó sì kọ́kọ́ ṣe ni pé ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ìgbà yẹn ni ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ọmọ dáadáa kan, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Mà, wọ́n ń pè é ní Fanpáyà, òkú eléyín ṣóńṣó inú fíìmù yẹn. Wọ́n ní tó bá fẹ́ mu omi, ẹ̀jẹ̀ ló fẹ́ mu. Fọ́tò rẹ̀ wà lórí fóònù." Ó fi hàn mí. Ẹ̀gbọ́n ẹnì kan nínú kíláàsì wọn ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n ní kí ó ka jọ́nàlì kan fún iṣẹ́ kíláàsì, ó ṣí i lórí fóònù, ó rí ojú tó mọ̀. Látibẹ̀ ló ti dé ọ̀dọ̀ àbúrò, àbúrò sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo kíláàsì. Mo wo orí ojú ìwé náà. Orúkọ jọ́nàlì tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì nìyẹn. Orúkọ Ọ̀mọ̀wé ló ṣáájú. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìka ọwọ́ ọmọ mi, lẹ́yìn náà eyín rẹ̀, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ gbàgàdà, láìfi nǹkan kan bò ó, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nílé, ọmọ mi sọ gbólóhùn kan péré. "Mọ́mì, òun ló ní kí n rẹ́rìn-ín."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ó yé yín, nítorí àwọn kan ti sọ fún mi pé fọ́tò lásán ni. Omi ni òógùn ọmọ mi. Bí kò bá mu omi nítorí pé yóò la ẹnu, tí kò sì rẹ aṣọ rẹ̀ nítorí pé wọ́n ń kóra jọ wò ó lẹ́nu ẹ̀rọ omi, yóò kú. Kì í ṣe àsọdùn. Ooru yóò pa á lórí ìlà nílé ìwé, ní Àkúrẹ́, ní ọ̀sán gangan, nítorí ẹ̀rín kan.

Mo ka gbogbo ohun tí Ọ̀mọ̀wé kọ. Ojú ìwé mẹ́wàá ni, atúmọ̀ èdè ni mo sì fi ń kà á. Ohun tó kọ nípa ooru ara rẹ̀ tọ̀nà. Bí ooru ṣe ń lọ sókè àti bí ó ṣe pẹ́ tó kí ó tó wálẹ̀, bí mo ṣe rí i pẹ̀lú ojú mi ló ṣe kọ ọ́. Mo tilẹ̀ rí ìlà kan níbẹ̀ tó sọ pé aṣọ tútù tí ìyá ọmọ rán ṣe é láǹfààní. Mo kà á, mo bínú sí i. Ó rántí síńgílẹ́ẹ̀tì mi, kò rántí ìlérí rẹ̀.

Mo pè é.

"Màmá, ẹ fara balẹ̀," ó ní. "Ìwé ìmọ̀ ni. Àwọn dókítà nìkan ló ń kà á."

"Ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló fi hàn mí, sà."

"Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi tèmi. Ẹ bá ilé ìwé wọn sọ ọ́."

"Ẹ ní fún fáìlì ni."

"Màmá, fọ́tò yẹn ló jẹ́ kí àwọn èèyàn lóye àìsàn náà."

"Ẹ yọ ọ́ kúrò."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí ọmọdé. "Jọ́nàlì kì í yọ nǹkan. Mo ti sọ fún yín rí."

Láti ọjọ́ náà, kò gbé fóònù mi mọ́. Mo kọ ímeèlì sí àwọn tó ni jọ́nàlì náà lókè òkun. Wọ́n dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n ní àwọn yóò bi ẹni tó kọ ọ́. Wọ́n bi í. Ó sọ fún wọn pé mo fẹnu gbà. Wọ́n wá kọ̀wé sí mi pé ó dun àwọn, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ èmi àti òun kò bá bára mu, ọwọ́ àwọn kò tó o. Mo wá nọ́ọ̀sì yẹn lọ, wọ́n ní ó ti kúrò ní Nàìjíríà.

Ọkọ mi jẹ́ ẹni pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Ìyá wa, fi fún Ọlọ́run."

Mo ní, "Ọlọ́run kọ́ ló ya fọ́tò."

Ó dìde. Ó mọ̀ pé bí mo bá ti sọ̀rọ̀ báyẹn, kí èèyàn kàn gbé àga rẹ̀ síta ló dáa.

Ọmọ mi kò lọ sílé ìwé mọ́ nígbà yẹn. Ó ń jókòó lẹ́yìn mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń yọ òwú kúrò lára aṣọ, ó fi aṣọ bo ẹnu. Bí mo bá ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, mo máa ń ronú sí Ọ̀mọ̀wé. Mo ronú bí wọ́n ṣe lè ya òun náà, níbi tó ti ń wẹ̀, kí wọ́n fi han gbogbo ọmọ tó ń kọ́. Mo ronú nípa kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì yẹn àti òkúta. Mo ronú lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sọ fún ara mi pé ọmọ mi kì í ṣe ọ̀pọ̀lọ́. Ọ̀pọ̀lọ́ kò ní ìyá tó ní dátà lórí fóònù.

Nígbà náà ni mo gbọ́ pé wọ́n ti fi Ọ̀mọ̀wé jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n, nítorí àwọn ìwádìí rẹ̀, èyí tó kọ nípa ọmọ mi sì wà lára wọn. Wọ́n ní yóò ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Oǹdó. Ìyá mi jẹ́ ọmọ Oǹdó, mo mọ ṣọ́ọ̀ṣì náà. Bí ìdílé tó ń dúpẹ́ bá ń jó lọ síwájú pẹpẹ, ẹni tó bá ní ohun tó bá wọn pa pọ̀ lè jó tẹ̀ lé wọn. Bí wọ́n bá sì dé iwájú, àlùfáà máa ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún ẹni tó bá fẹ́ jẹ́rìí oore tí oníìdúpẹ́ ṣe fún un.

Mo mọ àbúrò Ọ̀mọ̀wé. Àkúrẹ́ ló ń gbé, mo ti rán aṣọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ rí. Mo pè é. Mo fi ohùn tútù sọ̀rọ̀.

"Ẹ kú oríire o, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n pé mo ń bọ̀ wá bá wọn dúpẹ́. Èmi àti ọmọ mi. Inú rẹ̀ náà dùn, ó fẹ́ jẹ́rìí."

Ó ní, "Màmá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ìdúpẹ́ ti di èèwọ̀ ni, sà?"

Mo rán aṣọ funfun kan fún ara mi. Mo fara balẹ̀ rán an ju aṣọ oníbàárà kankan lọ. N kò ní mú ọmọ mi lọ síwájú èrò yẹn láé, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kò mọ̀ ọ́n. Bí mo ṣe ń ṣẹ́ etí aṣọ náà, mo ń gbọ́ bí ṣọ́ọ̀ṣì yóò ṣe pa rọ́rọ́. Inú mi ń dùn. Kì í ṣe inú dídùn tó dára, ṣùgbọ́n ó gbé mi ró ní àkókò tí nǹkan mìíràn kò gbé mi ró.

Ní Sátidé tó ṣáájú ìdúpẹ́ náà, wọ́n wá sí ilé wa ní Ìsìkàn lọ́sàn-án. Àwọn méjì ni: àbúrò yẹn, àti bàbá àgbà kan tó jẹ́ olórí àwọn bàbá ìjọ wọn. Ṣòkòtò bàbá náà kún fún eruku ọ̀nà Oǹdó. Àbúrò gbé páálí mọ́ọ̀tì kan dání. Mo ní kí wọ́n jókòó. N kò bu omi fún wọn. Ẹni tó bá mọ ilé Yorùbá yóò mọ ohun tí ìyẹn ń wí.

Àbúrò dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá fẹ́ kúnlẹ̀, mo sáré dì í mú. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹ́ kí n kú ni?"

Ẹ̀ka èdè Oǹdó ni Bàbá fi bá mi sọ̀rọ̀, bí ìyá mi ṣe máa ń sọ ọ́. "Ọmọ mi, a wá bẹ̀ ọ́. Ọmọ wa ṣẹ̀ ọ́."

"Kí ló ṣe, Bàbá?"

Àbúrò ní, "Màmá, ẹ̀yin náà kúkú mọ..."

"Bàbá ni mo bi, sà. Ẹ̀yin ẹ ṣì wà nílẹ̀."

Bàbá wò ó, ó wò mí. "Wọ́n ní ó fi ojú ọmọ rẹ hàn nínú ìwé láìgbàṣẹ."

"Láìgbàṣẹ," mo tún un sọ. "Bàbá, ẹ ṣeun. Ó kọ̀wé sí àwọn tó ni ìwé náà pé mo gbà."

Bàbá yí sí àbúrò pátápátá. "Bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bàbá, ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì nìyẹn."

"Ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì! Ẹ̀bẹ̀ lẹ ní kí n rù wá. Ẹ ò sọ fún mi pé irọ́ wà nísàlẹ̀ agbọ̀n." Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún. "Ọmọ mi, kí lo fẹ́?"

Mo ti múra ohun tí n ó sọ sílẹ̀. Mo ní, "Mo fẹ́ kó wá dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ mi."

Àbúrò fò dìde. "Ọ̀jọ̀gbọ́n? Kó dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé?"

"Ó rọrùn fún yín láti bẹ̀ mí torí mo ti dàgbà," mo ní. "Ṣé èmi ló yà?"

Bàbá kò bínú. Ó kàn rọra sọ pé, "Àgbà tó bá dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé, ọmọ náà ló ń gbé ẹrù rẹ̀. Ṣé o fẹ́ di ẹrù mìíràn lé e?"

N kò lérò pé ẹnì kan lè rí ọ̀rọ̀ kan sọ sí i tí yóò wọ̀ mí lára. Ó wọ̀ mí lára. Mo ní, "Ó dáa. Kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé sí wọn pé n kò gbà. Kí wọ́n yọ ojú ọmọ mi kúrò. Kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀, ó lè wúlò fún ìyá mìíràn. Ẹ̀bẹ̀ yín, mo gbà á. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ni mo ti gbà á, Bàbá. Orí yín ni mo gbé e lé."

Àbúrò rẹ́rìn-ín, ó rò pé ó ti parí. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ṣáájú ẹ̀bẹ̀ ti di onídùúró. Bí ẹlẹ́ṣẹ̀ kò bá ṣe ohun tí wọ́n fi bẹ̀bẹ̀, irùngbọ̀n ẹni tó bẹ̀bẹ̀ ló máa wọ́lẹ̀. Àwa méjèèjì mọ̀ pé mo ti dè é, ó sì gbà kí n dè é.

Nígbà náà ni mo wá bu omi. Bàbá mu ún. Àbúrò na ọwọ́. Kọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ni mo gbé wá.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló padà sọ ìyókù fún mi. Láti ilé mi, ilé Ọ̀mọ̀wé ní Oǹdó ló gbà lọ tààrà. Ó jókòó sí pálọ̀, ìyàwó Ọ̀mọ̀wé gbé iyán wá, kò jẹ. Ó gbé omi wá, kò mu. Ọ̀mọ̀wé ṣàlàyé pé bí òun bá kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, jọ́nàlì náà yóò tẹ ìkéde sábẹ́ iṣẹ́ òun, orúkọ òun yóò sì wà lára rẹ̀.

"Fún ọdún mélòó?" Bàbá bi í.

"Títí láé, Bàbá. Wọn kì í yọ nǹkan."

"Ìwọ lo máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn èèyàn, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Nígbà náà, kọ ọ́ dáadáa."

Bàbá sọ fún un pé bí kò bá kọ ọ́, òun kò ní dúró tì í níwájú pẹpẹ, òun yóò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tó bá bi òun. Ó ṣì wà lórí àga nígbà tí wọ́n ń tan iná alẹ́. Ọ̀mọ̀wé gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sí pálọ̀, ó kọ ọ́ níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni Bàbá bèèrè iyán.

Wọ́n ṣe ìdúpẹ́ náà. N kò lọ. Láìpẹ́, àwọn tó ni jọ́nàlì náà kọ̀wé sí mi. Ojú ọmọ mi ti kúrò. Ìka rẹ̀ wà níbẹ̀, eyín tí wọ́n yà láti ìtòsí wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé tirẹ̀ ni. Lábẹ́ orúkọ Ọ̀mọ̀wé ni ìkéde kan wà nínú àpótí kékeré. Ó sọ pé wọ́n yọ àwòrán kan nítorí pé ìyá ọmọ kò fọwọ́ sí i, àti pé ẹni tó kọ ìwádìí náà gbà pé ohun tí òun sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i, ní ìlú èyíkéyìí, yóò kà á. Àwọn ọmọ tí Ọ̀mọ̀wé ń kọ́ yóò kà á. Bí èmi àti òun bá kú, yóò ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọkàn ọ̀pọ̀lọ́. Mo máa ń ṣí i ní àárọ̀ kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó máa ń ṣe mí lóore ju tíì lọ.

Wọ́n ní kí n dárí jì í. Mo gba ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá, mo sì bu ọlá fún un. Ti Ọ̀mọ̀wé, n kò tíì débẹ̀. Aṣọ funfun náà ṣì wà lórí ìkọ́, mo ti lọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pè mí lórí fóònù, bí ẹ bá ń ka èyí, ó ṣì gba ara mi.

Ọmọ mi ti padà sí ilé ìwé. Nígbà tí mo fi ojú ìwé náà hàn án, ó wò ó pẹ́, ó ní, "Wọ́n ti yọ mí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Lórí fóònù àwọn yẹn ńkọ́?" Mo pa fóònù mi. Ó ń fi sítíróò fa omi mu báyìí kí ẹnu rẹ̀ má bàa là, ó ń kọ ẹ̀yìn sí wọn mu ún. Lọ́jọ́ mìíràn ike rẹ̀ máa ń ṣófo, lọ́jọ́ mìíràn ó máa ń kún bọ̀. Mo máa ń gbé e sókè wò bó bá ti wọlé, kí n tó kí i káàbọ̀.

Jọ́nàlì tí wọ́n ní kì í yọ nǹkan ti yọ tirẹ̀. Fóònù Àkúrẹ́ ni kò tíì yọ ọ́. Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Bí fọ́tò ọmọbìnrin kékeré kan bá wà lórí fóònù yín, tàbí lórí fóònù ọmọ yín, tí eyín rẹ̀ mú ṣóńṣó, tí ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á rẹ́. Ẹ má fi ránṣẹ́ sí mi láti béèrè bóyá òun ni. Òun ni. Ẹ pa á rẹ́ lónìí.